Ojú Kejì Àǹtí Aago

Láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni awò ojú ti di ẹ̀yà ara fún Àǹtí Aago. Ó ti di ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta báyìí, awò náà sì ti nípọn débi pé àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó lè fi dáná sun ewé gbígbẹ. Bí ó bá bọ́ ọ, ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ á di òjìji tí kò nímú, tí kò lẹ́nu. Ohùn nìkan ni yóò fi mọ̀ bóyá oníbàárà ni tàbí aládùúgbò tó wá yá àga.

Ṣùgbọ́n bí obìnrin atúnaagoṣe yìí bá ti jókòó ti tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, awò yẹn gan-an ni yóò kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀. Yóò gbé aago sún mọ́ ojú ọ̀tún títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú rẹ̀, gbogbo inú aago yóò sì là kedere: irin róbótó tí eyín rẹ̀ kéré ju ti èèrà lọ, sípíríǹgì tó fẹ́lẹ́ bí irun ọmọ tuntun. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi ìgò tí ń sọ nǹkan di ńlá há ojú. Òun kò lo irú rẹ̀ rí. Ó gbà pé àrùn ojú wà lọ́tọ̀, ẹ̀bùn ojú wà lọ́tọ̀.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ń wa ọkọ̀ èrò, ló mú ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ oníná lésà wá. Ó ti ṣe tirẹ̀ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn.

“Àǹtí mi, kí ẹ tó sọ pé ẹ̀rù ń bà yín, wọ́n á ti parí.”

“Ìwọ tó ń kán oògùn sójú tọ̀sán-tòru bí ẹni ń bomi rin ewébẹ̀ ńkọ́?”

“Ojú mi ń gbẹ lóòótọ́. Bó bá sì di àṣálẹ́, gbogbo iná ọkọ̀ a máa hu irùngbọ̀n lójú mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá jí, mo ń rí àjà. Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ ń fọwọ́ tá ràrà kiri orí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni tó sọ ọmọ nù!”

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọlé.

Dókítà ojú kò tan án. Ó sọ pé ńṣe ni iná lésà ń fá awọ fẹ́lẹ́ tó wà níwájú ẹyinjú, pé ohun tí wọ́n bá ti fá kò ṣeé dá padà. Ó sọ̀rọ̀ ojú gbígbẹ, ó sọ̀rọ̀ egbò tó lè kẹ̀, ó sì fi kún un pé ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún lè wá máa lo awò láti fi wo ohun tó wà nítòsí.

Àǹtí Aago rẹ́rìn-ín músẹ́. “Dókítà, ẹ fi ti ìtòsí sílẹ̀. Ibẹ̀ kò ṣe mí rí.”

Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fún un béèrè iṣẹ́ rẹ̀. “Oníṣọ́ọ̀bù” ló kọ sí i. Ó ti kọ́gbọ́n: bí ó bá ti kọ “atúnaagoṣe” níbikíbi, láti orí nọ́ọ̀sì dórí ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu géètì ni yóò máa kó aago tó ti kú lé e lọ́wọ́.

Ojú ọ̀tún ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Wọ́n fi ti òsì sí Ọjọ́bọ̀, ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Wọ́n kán oògùn sí i, ojú náà kú tipiri. Nọ́ọ̀sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. “Ẹ má mira, mọ́mì mi. Iná pupa yẹn nìkan ni kí ẹ máa wò.” Òórùn kan bí irun tó jóná gba inú yàrá. Kí ó tó ka ọgọ́ta, ó ti parí.

Lọ́jọ́ kejì, ó dúró lójú fèrèsé, ó ń wo igi òdìkejì títì. Ewé igi náà wà lọ́kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù pẹ̀lú etí tirẹ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

“Ṣé bí ayé ṣe ń rí fún gbogbo yín nìyí,” ó bi àbúrò rẹ̀, “tí ẹ kò sọ fún mi?”

Lọ́jọ́ kẹfà, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Aago agbẹ̀bí kan ló wà lórí tábìlì, èyí tí ó fi ń ka bí ọkàn àwọn ọmọ tuntun ṣe ń lù. Ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ó gbé e sún mọ́ ojú ọ̀tún.

Kùrukùru.

Ó fọ ọwọ́. Ó nu aago. Ó pààrọ̀ gílóòbù. Kùrukùru náà kò lọ. Nígbà tó sú u, tó yí orí, aago náà bọ́ síwájú ojú òsì, eyín irin gbogbo sì yọ síta gẹ́gẹ́ bíi ti àtẹ̀yìnwá. Kò sí àrùn lọ́tọ̀, kò sí ẹ̀bùn lọ́tọ̀. Ohun tí kò jẹ́ kí ó rí igi òdìkejì títì ni ó ń jẹ́ kí ó rí inú aago. Wọ́n ti fá a dànù lójú kan, wọ́n sì ti dá ọjọ́ fún ojú kejì.

Ojú òsì ló fi tún ti agbẹ̀bí ṣe, ọrùn rẹ̀ wọ́ bí ọkọ́. Iṣẹ́ wákàtí kan gbà á ní ọjọ́ méjì.

“Ẹ fẹ́ fi ojú kan sílẹ̀ láìṣe?” àbúrò rẹ̀ pariwo nígbà tó gbọ́. “Bí ẹni tó wọ bàtà ẹsẹ̀ kan jáde? Ẹ jẹ́ kí wọ́n parí ẹ̀, ẹ sì lọ ra ìgò bíi tàwọn yòókù!”

“Gbọ́, àbúrò mi. Ohun tó jìnnà ló ń bọ́ ìwọ. Ohun tó wà nídìí imú mi ló ń bọ́ èmi. Ọgbọ̀n ọdún ni ọwọ́ mi fi kọ́ bí ojú yìí ṣe ń rí.”

Àbúrò rẹ̀ fa àga jókòó. Lẹ́yìn náà ló ní, “Èmi ni mo tì yín síbẹ̀.”

“Ìwọ kọ́. Èmi ni mo fi iṣẹ́ mi pamọ́ fún ẹni tí mo gbé ojú mi fún.”

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ pé, wọ́n ti dé e ní fìlà ilé ìwòsàn kí ó tó sọ̀rọ̀. “Dókítà, atúnaagoṣe ni mí.”

Dókítà gbé kálàmù sílẹ̀. Ó jókòó tì í, ó sì ní kí ó fi bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ han òun. Àǹtí Aago gbé ìka sún mọ́ imú. Dókítà mi orí.

“Ṣé mo ti ba iṣẹ́ mi jẹ́ ni?”

“Ẹ ti pàdánù ìdajì ohun tí ẹ kò mọ̀ pé ẹ ní. Mi ò lè dá a padà. Ó yẹ kí èmi náà bi yín léèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdajì tó kù, bí ẹ bá ní ká fi í sílẹ̀, a ó fi í sílẹ̀. Àwọn kan ń gbé bẹ́ẹ̀: ojú kan fún òkèèrè, ọ̀kan fún ìtòsí. Ṣùgbọ́n kò rọrùn. Orí á máa fọ́ yín níbẹ̀rẹ̀. Ẹ ó máa da omi sí ẹ̀gbẹ́ ife, ẹ ó máa ṣi àtẹ̀gùn tẹ̀.”

Àǹtí Aago wò yíká yàrá náà. Ó bọ́ fìlà, ó ká a dáadáa, ó sì fi í lé nọ́ọ̀sì lọ́wọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó da omi sórí tábìlì lẹ́ẹ̀méjì, ó sì kọsẹ̀ lára àga tí kò kúrò lójú kan láti ọdún mẹ́wàá. Ó jókòó sídìí iṣẹ́, ó gbé aago kan sí ọ̀dọ̀ ojú òsì, ó sì na ẹ̀mú kékeré sí síkúrù kan. Ẹ̀mú tàsé rẹ̀. Ó tún nà án, ó tún tàsé. Ní ìgbà kẹta, síkúrù náà yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì. Inú bí i, ó dúró, ó mí kanlẹ̀.

Ní ìgbà kẹrin, ó mú un.