Ẹ̀rọ Tí Ẹ̀gbọ́n Akẹja Gbé Wá

Iṣẹ́ obìnrin yìí ni kí ó máa ka ẹja. Ọ́fíìsì kan tí ń mójú tó ohun abẹ̀mí inú òkun ló gbà á síṣẹ́, ó sì ti pé ọdún mọ́kànlá tó ti wà níbẹ̀. Yóò gbé sílíńdà afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn, yóò fi síléètì àti pẹ́ńsù kọ́rùn, yóò wọ omi, yóò ka iye ẹja tó wà lára àpáta, yóò sì jáde wá kọ ọ́ sínú ìwé. Akẹja ni wọ́n ń pè é nílé. Ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ náà. Ó ní apẹja ni òun mọ̀, pé òun kò tíì rí ẹni tó wo ẹja lójú, tó kà á tán, tó sì darí sílé lọ́wọ́ òfo.

Ohun tó ń dà á láàmú ni ariwo. Ẹni tó bá ń mí láti inú sílíńdà, inú omi ni gbogbo èémí tó bá mí síta ń lọ, á máa hó gùdùgùdù gba orí rẹ̀ kọjá. Ẹja a sì máa gbọ́. Ẹja onítìjú kan wà, aláwọ̀ eérú, tó ń gbé inú ihò àpáta. Bí Akẹja bá ti yọ lẹ́nu ihò, ìrù rẹ̀ nìkan ló máa ń rí. Ọdún mẹ́ta ló fi kọ "méje" sínú ìwé. Ó mọ̀ pé wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ìrù méje ló rí.

Ọ̀gá rẹ̀ ló kọ́kọ́ mẹ́nu ba ẹ̀rọ adámìípadà. Kò sí idán kankan nínú rẹ̀. Èémí tí èèyàn bá mí síta kì í bọ́ sínú omi. Inú àpò kan ló ń lọ. Láti ibẹ̀, á gba inú agolo kan tó kún fún hóró ẹfun kọjá. Ẹfun náà á fa afẹ́fẹ́ burúkú inú rẹ̀ mu, ẹ̀rọ á fi ọ́síjìn díẹ̀ rọ́pò èyí tí ara ti lò, èèyàn á sì tún fa èémí kan náà símú. Kò ní pariwo, kò ní hó. Ọ́fíìsì gbà láti rán an lọ kọ́ ọ. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, òun ni kó wá èyí tó bá a mu.

Ẹni tó ń kọ́ni jẹ́ obìnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, etí òsì rẹ̀ kò sì gbọ́ràn dáadáa mọ́. Yàrá rẹ̀ wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún fíríìjì ṣe. Oníwèé ni inagijẹ rẹ̀, nítorí pé kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò ti ẹsẹ̀ bọ omi lójú rẹ̀ láìka ìwé àyẹ̀wò sókè ketekete, láti ìlà kìíní títí dé ìlà kẹtàlélógún, bó tilẹ̀ ti mọ̀ ọ́n sórí. Lọ́jọ́ tí Akẹja kọ́kọ́ débẹ̀, ẹ̀rọ mẹ́ta ló wà lórí tábìlì.

"Mà, èwo ló dára jù nínú wọn?"

Oníwèé wò ó. "Bàtà wo ló dára jù láyé?"

Akẹja wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Ehn. Jẹ́ n mọ ẹsẹ̀ tó fẹ́ wọ̀ ọ́ ná."

Ló bá da ìbéèrè bò ó. Ẹ̀yìn rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó lè gbé ẹrù? Ṣé òun nìkan ni yóò máa gbé ẹ̀rọ wọ ọkọ̀ ojú omi? Kí ni yóò máa fi ọwọ́ méjèèjì ṣe nísàlẹ̀ omi? Níbo ni yóò ti máa rí ẹfun? Ta ló mọ ẹ̀rọ náà tún ṣe nítòsí rẹ̀?

"Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ló ṣe pàtàkì jù," ni Oníwèé wí. "Ẹ̀rọ tí ẹni tó ń tún un ṣe bá wà lókè òkun, kì í ṣe tìẹ. Ò ń bá a tọ́jú ẹ̀ ni."

Ẹ̀rọ kìíní, àyà ni àpò èémí rẹ̀ wà. Ó rọrùn láti mí, àmọ́ nígbà tí Akẹja gbé síléètì síwájú, ó rí i pé àpò ti gba ibi tó yẹ kí ọwọ́ òun wà. Ti ìkejì wà lẹ́yìn. Àyà ṣófo, mímí rẹ̀ ló kàn le díẹ̀ béèyàn bá dojú bolẹ̀. Ìkẹta kéré, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń gbé e kọ́, ó sì wúlò fún ihò tó há. Oníwèé ní kì í ṣe ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

"Mi ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mà. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń wọ omi."

"Fi ọdún mọ́kànlá yẹn sẹ́nu ọ̀nà. Tó o bá ń lọ, o lè mú un dání."

Ọ̀rọ̀ náà dun Akẹja díẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé adágún ìlúwẹ̀ẹ́, ó rí i pé òótọ́ ni. Ẹni tó ń lo sílíńdà lásán, bó bá fẹ́ gòkè díẹ̀, á fa èémí símú. Bó bá fẹ́ lọ sílẹ̀, á mí síta. Nínú ẹ̀rọ yìí, ńṣe ni èémí ń ti inú àyà bọ́ sínú àpò, tó ń ti inú àpò padà sáyà, ara kò fúyẹ́, kò wúwo. Akẹja fa èémí títí, kò gbéra. Ó ń fi orúnkún wọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Ó wá fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ẹ̀wù ìléfòó rẹ̀, ló bá sọ jáde lójú omi bí akèrègbè. Àwọn ìyá àgbà tó ń ṣeré ìdárayá lápá kejì pàtẹ́wọ́ fún un.

Lọ́sẹ̀ kejì ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́. Wẹ́dà ni ẹ̀gbọ́n yìí, abẹ́ omi ló ti ń jó irin pọ̀ ní èbúté. Òun ló kọ́ Akẹja bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Irin-Ò-Dípẹtà ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn. Níbi iṣẹ́, rọ́bà gígùn ni wọ́n fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i láti òkè. Àmọ́ bó bá di ọjọ́ ìsinmi, ó ní ẹ̀rọ adámìípadà tirẹ̀, àlòkù, tó ti ń lò bọ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án. Ó wé e sínú aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ó sì gbé e wá sílé ìyá wọn lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan.

"Má ra nǹkan kan," ló wí. "Tèmi nìyí. Màá máa yá a lọ́wọ́ ẹ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àmọ́ ó ti di tìẹ."

Ìyá wọn ti ń dúpẹ́ kí Akẹja tó la ẹnu. "Ọmọ ìyá ni ọmọ ìyá ń jẹ́! Ṣé o rí nǹkan?"

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi."

Akẹja ti rí i pé àyà ni àpò rẹ̀ wà. Kò sọ ọ́. Ta ni yóò fi ọwọ́ òsì gba ohun tí ẹ̀gbọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé wá?

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó gbé e tọ Oníwèé lọ. Obìnrin náà tú u palẹ̀ lórí tábìlì. Ó yọ sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta jáde nínú rẹ̀, àwọn nǹkan kéékèèké bí ìdérí ìgò, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti sọ iye ọ́síjìn tó wà nínú èémí. Ó fi awò sójú, ó ka ọjọ́ ara wọn.

"Èyí, oṣù mẹ́jọ. Ó dáa. Èyí, ọdún márùn-ún. Èyí, wọ́n ti ha ọjọ́ ara ẹ̀ kúrò." Ó tò wọ́n sílẹ̀. "Ọdún kan ni wọ́n ń lò. Tó bá pẹ́ títí, ọdún kan àtààbọ̀."

Ó dá wọn padà, ó tú ojúlówó ọ́síjìn sí ẹ̀rọ náà. Sẹ́ẹ̀lì tuntun sọ iye tó jẹ́. Àwọn arúgbó méjì yòókù sọ iye kan tó dọ́gba, kò sì tó ìdajì òótọ́.

"Wo ohun tí ẹ̀rọ máa ṣe," ni Oníwèé wí. "Ó máa dìbò ni. Àwọn méjì tí ọ̀rọ̀ wọn bá jọra ló máa gbà gbọ́. Ẹlẹ́rìí èké méjì ti borí olóòótọ́ kan nìyẹn. Wọ́n á ní ọ́síjìn ò tó. Ẹ̀rọ á máa tú u sí i, á tún máa tú u sí i, títí gìrì á fi mú ẹni tó gbé e kọ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń lò ó, mà."

"Mi ò sọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ. Ohun tí wọ́n kọ sára nǹkan ni mo kà." Ó ṣí agolo, ó bu ẹfun sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi ìka tẹ hóró kan. Ó le bí òkúta. "Tuntun máa ń rún mọ́ni lọ́wọ́. Èyí ti ṣiṣẹ́ tán ó ti pẹ́."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Akẹja gbé ẹ̀rọ náà lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó bá a ní ẹ̀yìnkùlé. Páànù ńlá kan wà lẹ́bàá ògiri, hóró funfun kún inú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ sá sóòrùn yẹn?"

"Ẹfun ni. Ó máa ń rin téèyàn bá lò ó tán. Tó bá ti gbẹ, màá tún rọ ọ́ padà."

"Rírin kọ́ ló ń ṣe é. Ó ti mu àmuyó ni. Kò lè fa nǹkan kan mọ́."

Irin-Ò-Dípẹtà rẹ́rìn-ín. "Ọ̀sẹ̀ méjì lo fi kọ́ ọ. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti fi ń mí. Àbí òkú lò ń bá sọ̀rọ̀?"

Akẹja sọ ti àwọn sẹ́ẹ̀lì fún un. Ó kàn ń mi orí. Akẹja wá bi í pé, "Ṣé orí kì í fọ́ yín tẹ́ ẹ bá jáde nínú omi?"

Ó fọwọ́ da ẹfun inú páànù rú. "Oòrùn ni."

"Ẹ̀gbọ́n mi, abẹ́ omi lẹ wà. Oòrùn wo?"

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Ọkùnrin náà dìde. Ó ní ohun tí òun fẹ́ràn ni òun fi tọrẹ, wọ́n gbé e lọ fún àjèjì kí ó bá òun wá àléébù sí i. Ó ní òun lòun di apá ẹnì kan mú nínú omi lọ́jọ́sí, nígbà tó ń ké bí ewúrẹ́. Akẹja bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí òun wá sẹ́ẹ̀lì tuntun sí i. Kò gbà. Ó ní kí ó fi ẹ̀rọ òun sílẹ̀ níbẹ̀, kí ó máa lọ.

Odidi oṣù kan, wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ìyá wọn ló di ońṣẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n ẹ ní kí n kí ẹ."

"Ẹ̀gbọ́n mi ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Kò sọ ọ́. Àmọ́ ó wà lójú ẹ̀."

Akẹja ra ẹ̀rọ kejì, èyí tí àpò rẹ̀ wà lẹ́yìn. Òpópónà kan ṣoṣo ló wà láàárín ọ́fíìsì rẹ̀ àti ọkùnrin tó ń tún irú rẹ̀ ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ omi pẹ̀lú Oníwèé. Nígbàkígbà tó bá wu obìnrin náà, á fọwọ́ kàn án léjìká. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ̀rọ ti kú. Akẹja á dí ẹnu ẹ̀rọ, á fi ẹnu sí sílíńdà kékeré tó gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún àsálà, á sì máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ṣe é títí ọwọ́ rẹ̀ fi ń ṣe é kí ọkàn rẹ̀ tó mọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè é. "Ẹ̀gbọ́n yín ti gbé ẹ̀rọ yẹn lọ sí èbúté o. Ó ní àwọn fẹ́ lọ wo ọkọ̀ kan tó rì. Kò sì gbọ́ tèmi."

Akẹja bá a lórí bẹ́ǹṣì létí omi, òun àti wẹ́dà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan. Wọ́n ti wọ aṣọ omi dé ìbàdí.

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

"Kí lo wá ṣe?"

"Mi ò wá dá yín dúró. Ìlà kan péré ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi ṣe nínú ìwé àyẹ̀wò. Ẹ ki ẹ̀rọ bọ ẹnu, ẹ dí imú, ẹ jókòó síbí, kẹ́ ẹ máa mí fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Tí nǹkan kan ò bá ṣe yín, màá bá yín gbé e wọ omi, màá sì tọrọ àforíjì níwájú ìyá wa."

Èyí wù ú. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bọ́ aago ọwọ́, ó ń ka àkókò. Ní ìṣẹ́jú kìíní, Irin-Ò-Dípẹtà ṣẹ́jú sí àbúrò rẹ̀. Ní ìkejì, ó na ẹsẹ̀. Akẹja ti ń to ọ̀rọ̀ àforíjì náà sọ́kàn. Ní ìkẹta, èjìká ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè sódò. Kò tíì wọ ìkẹrin dáadáa tí àyà rẹ̀ fi ń ṣe bí ẹwìrì, òógùn sì bo iwájú orí rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìka mélòó nìyí?"

Ó gbé ọwọ́ sókè láti dáhùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọwọ́ ara rẹ̀. Akẹja fa ẹ̀rọ kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń mí. Ọkọ̀ akérò kan fọn fèrè lókèèrè. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Mi ò mọ̀ pé mo ń mí báyẹn."

"Afẹ́fẹ́ burúkú tí ẹfun kò fà mọ́ lẹ ń mí. Kò sẹ́ni tó ń tètè mọ̀."

"Mo rò pé ara mi dá ṣáṣá ni. Ká ní inú omi ni mo ti..." Kò parí rẹ̀.

Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ so aago padà mọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ aṣọ omi. "Èmi ò lọ mọ́," ló wí.

Akẹja padà sínú mọ́tò rẹ̀. Ó jókòó fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó ṣíná sí i.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ó gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ dé ẹnu ihò àpáta, ó dúró jẹ́ẹ́. Àwọn ẹja aláwọ̀ eérú náà jáde wá, wọ́n ń wo awò ojú rẹ̀. Mọ́kànlélógójì ló kà. Ọ́fíìsì dá ìwé náà padà, wọ́n ní kí ó tún un kà. Ó tún un kà, ó di mẹ́tàlélógójì.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò dúpẹ́, Akẹja náà kò sì retí rẹ̀. Ó kàn lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Oníwèé, ó jókòó níwájú pẹ̀lú dókítà eyín kan tó kéré sí i lọ́jọ́ orí gan-an. Ó fìdí rẹmi nínú ìdánwò kìíní, ó yege nínú èkejì. Nígbà tó tó àkókò àtimú ẹ̀rọ, ó tún mú èyí tí àpò rẹ̀ wà láyà. Ó ní òun kì í kọ̀wé lábẹ́ omi, pé ibi tí mímí bá ti rọrùn ni òun ń lọ. Akẹja rò ó wò, ó rí i pé kò ṣìṣe.

Ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà dé, ọkùnrin náà ránṣẹ́ pè é sí ẹ̀yìnkùlé. Ó já ike ẹfun tuntun, ó ń dà á sínú agolo díẹ̀díẹ̀, ó sì ń fọwọ́ gbá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí hóró lè jókòó mọ́ra. Kò gbójú sókè.

"Ṣé ó kún tó?"

Akẹja yọjú wò ó. "Ẹ fi díẹ̀ sí i, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó fi díẹ̀ sí i.