Àánú Tó Ń De Èèyàn Mọ́lẹ̀

N kì í fẹ́ gbọ́ kí wọ́n pè é ní Ìyá Àánú mọ́. Èmi náà pè é bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjìlá, n kò sì ní purọ́, tẹ̀rín-tẹ̀rín ni mo fi ń pè é.

Òun ni ọ̀gá yàrá tí a ti ń gé aṣọ ní ilé iṣẹ́ wa, níbi tí wọ́n ti ń rán yunifọ́ọ̀mù. Bí iṣẹ́ ibẹ̀ ṣe rí nìyí: nírọ̀lẹ́, wọ́n á tẹ́ ogún aṣọ lé ara wọn lórí tábìlì gígùn, wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sórí èyí tó wà lókè. Tó bá di àárọ̀, ẹni tó ń gé aṣọ á tan ẹ̀rọ, á tẹ̀ lé ìlà. Kì í wọ̀n ọ́n. Wíwọ̀n kì í ṣe iṣẹ́ tirẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀, mo gé ogún ṣòkòtò, gbogbo wọn kúrú. Mo bú sẹ́kún. Ìyá Àánú kó wọ́n sínú àpò ìdọ̀tí, ó nu ojú mi, ó ní, "Máníjà ò ní gbọ́. Èmi ni ìyá ẹ níbí."

Ọjọ́ náà ni mo di ajá rẹ̀. Bó bá sín, èmi ni mo ń sáré kí i pẹ̀lẹ́. Ẹni tó bá kùn, mo ń lọ sọ fún un. Ẹni tó bá pẹ́ dé, mo ń lọ sọ. Bí mo bá délé, màá tún ròyìn ẹ̀ fún àbúrò mi obìnrin, a ó sì jọ rẹ́rìn-ín. Ẹ ò rí ìríra!

Nígbà tí àbúrò mi yìí kan náà ríṣẹ́ sí ọ̀dọ̀ wa, Ìyá Àánú, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí ṣe igbákejì rẹ̀, pè mí sí kọ̀rọ̀, ó na ṣọ́ọ̀kì sí mi.

"Lọ́la ni àbúrò ẹ máa gé aṣọ. Sún ìlà ẹ̀ wọlé, ìka méjì péré."

"Kí ló dé, mà?"

"Á bà á jẹ́, màá gbà á sílẹ̀, kò sì ní lè wojú mi mọ́ láéláé. Àbí báwo lo ṣe rò pé tìẹ ṣe ṣẹlẹ̀?"

Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ ẹ̀ níṣẹ́ ilé. Ọdún méjìlá! Gbogbo àwọn tí mo tà, nítorí ìka méjì! Síbẹ̀, "Mo ti gbọ́, mà" ló jáde lẹ́nu mi. Mo ju ṣọ́ọ̀kì náà sí gọ́tà bí mo ṣe ń relé, n kò fọwọ́ kan ìlà kankan. Ó yẹ kí n sọ fún àbúrò mi, àmọ́ ojú tì mí. Mo ní ṣebí n kò sún un, ọ̀rọ̀ ti parí.

Nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀, ìlà ti wọlé. Ẹnì kan ti nu ti àkọ́kọ́ nù, eruku rẹ̀ ṣì wà lára aṣọ. Mo fa téèpù yọ, mo wọ̀n ọ́n: ìka méjì géérégé. Àbúrò mi ti gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ.

"Má gé e! Wọ́n ti sún ìlà yẹn!"

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ìyá Àánú ti sọ fún mi pé ẹ máa sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ máa ń dẹ́rù ba àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kí wọ́n lè wà lábẹ́ yín."

"Ọmọ ìyá mi, wo téèpù!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta lẹ ò tíì ṣe níkà níbí? Ẹnu yín náà ni mo ti ń gbọ́ ọ nílé."

Ìyá Àánú dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ sẹ́yìn, kò tilẹ̀ la ẹnu. Èmi ni mo ti fi ọdún méjìlá bá a sọ ọ́.

Àbúrò mi tan ẹ̀rọ. Ó tẹ̀ lé ìlà náà dáadáa, ó gé e dé òpin.