Òpó Tí Kì Í Ké

Igi kì í wó láìkìlọ̀. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí Agbọ́gi máa ń kọ́ ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ihò èédú nìyẹn. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti fi òpó gbé òrùlé ihò dúró níbi tí àwọn yòókù ti ń gé èédú. Á wọn àlàfo láti ilẹ̀ dé òrùlé, á gé igi tó fi ìwọ̀n àtàǹpàkò kúrú sí i, á wá ki pátákó pẹlẹbẹ sí àyè tó kù lókè, á sì fi òòlù gbá a wọlé díẹ̀díẹ̀ títí gbogbo rẹ̀ á fi le gírígírí. Pátákó yẹn ló gbọ́n jù nínú iṣẹ́ náà. Bí òrùlé bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, òun ló máa kọ́kọ́ rún, á máa dún bí ẹni ń họ eegun jẹ. Lẹ́yìn náà ni igi fúnra rẹ̀ á ké. Kó tó wá ṣẹ́, ẹni tó bá ní ẹsẹ̀ á ti lọ.

“Bí igi bá ń bá ọ sọ̀rọ̀, má dá a lóhùn,” ni Agbọ́gi máa ń wí. “Sá.”

Ohun tí wọ́n fi ń pè é ní Agbọ́gi nìyẹn. Nínú ariwo òòlù àti ti kẹ̀kẹ́ èédú, á gbọ́ igi kan ṣoṣo tó ń ráhùn, á sì lé gbogbo wọn jáde. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló ń jẹun alẹ́ nílé wọn nítorí etí rẹ̀.

Nílé tirẹ̀, ó ń lu ìyàwó rẹ̀. Ògiri àwọn ilé náà fẹ́lẹ́. Àwọn ará ilé kejì máa ń gbọ́ ìró ọwọ́, wọn kì í gbọ́ ohùn. Bó bá di àárọ̀, obìnrin náà á jáde pọn omi, á kí gbogbo èèyàn, ojú rẹ̀ á wú.

Ọmọ kan ni wọ́n bí, obìnrin. Láti kékeré ló ti ń mú èédú kọ nǹkan sára ògiri, ni bàbá rẹ̀ bá sọ ọ́ ní Akọ̀wé. Ẹ̀fẹ̀ ni nígbà náà. Ṣùgbọ́n orúkọ máa ń ro ọmọ. Yàrá kan ni ilé ìwé wọn, tíṣà obìnrin kan ló sì ń kọ́ gbogbo kíláàsì. Àwọn kékeré fún mọ́ra níwájú bí ẹja inú agolo, ṣùgbọ́n bí o bá ṣe ń wo ẹ̀yìn ni àga ń ṣófo, nítorí ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti lè gbé òkúta, òbí rẹ̀ á fà á lọ sí abà aṣàkúta, níbi tí àwọn obìnrin ti ń ṣa òkúta kúrò nínú èédú. Bí wọ́n bá fi ẹ̀tù fọ́ àpáta nísàlẹ̀, pátákó ìkọ̀wé á já bọ́ lórí ìṣó. Tíṣà á gbé e kọ́ padà, á nu eruku ojú rẹ̀, á máa bá ìṣirò lọ.

Lọ́dún yìí, Akọ̀wé nìkan ló kù lórí àga ìkẹyìn. Ó yege. Ilé ìwé girama tó wà nígboro ti gbà á, lọ́rì tó ń kó àwọn ọmọ lọ sí ibẹ̀ yóò sì dé láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé. Bàbá rẹ̀ kò jà. Kódà, ó fi àṣẹ́kù pátákó òpó kan àpótí fún un, ó gé etí rẹ̀ wọnú ara wọn débi tí kò fi nílò ìṣó púpọ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni fọ́máànù, ọ̀gá tó ń ṣàkóso ihò, kó òpó irin dé. Igbó àyíká ti tán, ọ̀nà jíjìn ni igi ti ń wá. Páìpù méjì ni òpó irin yìí, ọ̀kan ń wọ inú èkejì. Wọ́n á fà á gùn dé ibi tí wọ́n fẹ́, wọ́n á wá fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan gún un láti ẹ̀gbẹ́ kan já sí èkejì kó má baà wọlé padà. Ó rọrùn, ó sì yá. Agbọ́gi yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó fi ìka kan irin tẹ́ẹ́rẹ́ náà.

“Kí ni yóò sọ fún wa bó bá fẹ́ jáwọ́?” ó bi fọ́máànù.

“Irin nìyẹn. Kì í jáwọ́.”

“Kò sí ohun tí kì í jáwọ́, ọ̀gá. Èyí tó máa ń sọ fúnni tẹ́lẹ̀ ni mo ń bá ṣiṣẹ́.”

Ẹlẹ́fẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gé èédú, gbá òpó irin náà lábàrá. “Mo mọ irú èyí. Ìyá ìyàwó mi nìyí. Kò ní bá ọ wí, kò ní pariwo. Ọjọ́ tó bá máa lanu, ẹrù rẹ á ti wà níta.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, títí kan fọ́máànù. Wọ́n sì to irin.

Ní ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì, Ẹlẹ́fẹ̀ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó ń gé ìdí èédú. Agbọ́gi wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ayùn. Kò sí ohun tó rún, kò sí ohun tó ké. Ìgbà tí òrùlé ti balẹ̀ tán ni Agbọ́gi tó gbọ́ ọ. Atẹ́gùn rẹ̀ gbé e lu ògiri, gbogbo fìtílà kú. Nígbà tí wọ́n tan iná mìíràn, ẹsẹ̀ Ẹlẹ́fẹ̀ ni wọ́n rí. Wọ́n fi irin wọ́ àpáta kúrò lórí rẹ̀. Àyà rẹ̀ ti tẹ́ pẹlẹbẹ, ojú rẹ̀ sì wà ní lílà. Òpó irin náà dúró ṣánṣán lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó kàn kúrú ni, ó ti wọ inú ara rẹ̀ lọ. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ àárín rẹ̀ ti gé bí igi ìṣáná.

Agbọ́gi mú àbọ̀ irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó gé náà gòkè. Ó bá fọ́máànù níwájú ilé fìtílà tí wọ́n ti ń gba iná ihò, ó fún un lọ́rùn mọ́ ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki irin náà bọ̀ ọ́ lẹ́nu.

“Jẹ ẹ́. Èyí tí kì í jáwọ́ nìyí. Jẹ ẹ́.”

Eyín iwájú fọ́máànù kán. Àwọn ẹ̀ṣọ́ fi kóńdó lu Agbọ́gi lórí títí ó fi tú ọwọ́, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn jáde nínú etí ọ̀tún rẹ̀. Fọ́máànù tutọ́ pupa sílẹ̀.

“N ò ní lé ọ,” ó wí. “Mo nílò rẹ. Ṣùgbọ́n dúró kí o wo ohun tí a máa ṣe lọ́la, kí o lè rántí ẹni tó ni ilé tí ò ń sùn sí.”

Ilé iṣẹ́ ló ni gbogbo ilé ibẹ̀. Gbogbo òṣìṣẹ́ ló ní àmì bàbà kan tó ń kọ́ sórí pátákó ilé fìtílà. Ẹni tí àmì rẹ̀ bá wà lórí pátákó ló ní ẹ̀tọ́ sí ilé. Bí àmì bá kúrò, ilé lọ. Ọ̀nà kan péré ló kù fún ilé tí àmì baálé rẹ̀ bá kúrò: kí ọmọbìnrin tàbí opó ilé náà gba àmì ní abà aṣàkúta. Ọmọ Ẹlẹ́fẹ̀ ṣì kéré, oyún ìyàwó rẹ̀ sì ti wọ oṣù rẹ̀. Wọn kì í gba aboyún nídìí bẹ́líìtì tó ń gbé èédú kọjá níbẹ̀.

Láàárọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí wọ́n tó sin Ẹlẹ́fẹ̀ pàápàá, àwọn ẹ̀ṣọ́ da ẹrù rẹ̀ síta. Ìyàwó rẹ̀ di férémù ilẹ̀kùn mú, wọ́n sì fi kóńdó gbá a níka lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi jọ̀wọ́ rẹ̀. Ibùsùn balẹ̀, ẹsẹ̀ kan ṣẹ́ lára rẹ̀. Agbọ́gi dúró lójú ọ̀nà, ó ń wo ẹrù ọ̀rẹ́ rẹ̀ níta. Kò rẹ́ni bá rẹ́rìn-ín.

Ní ọ̀sán Ọjọ́ Àìkú, ó jókòó sórí àga nínú yàrá, ó wo ọmọ rẹ̀ tó ń to ìwé sínú àpótí.

“Kó wọn jáde,” ó wí. “Abà lò ń lọ lọ́la.”

Ìyá ọmọ wà nídìí ààrò irin, ó ń fi ọ̀pá rú èédú. “Lọ́rì ń bọ̀ lọ́la, Bàbá Akọ̀wé.”

“Bí òrùlé bá já lù mí lọ́túnla, ta ni àmì rẹ̀ máa wà lórí pátákó? Ṣé ìwé ni wọ́n máa gbé kọ́?”

“Èmi á lọ sí abà.”

Agbọ́gi yíjú sí i díẹ̀díẹ̀. Kò sí aya tí ọkọ rẹ̀ wà láàyè tó ń jókòó ní abà náà. Gbogbo awakùsà ló gbà pé obìnrin tó bá jókòó síbẹ̀ nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ti ń jókòó bí opó rẹ̀, ilẹ̀ yóò sì gbọ́.

“O fẹ́ kí n kú,” ó wí, ó sì dìde. Ìgbájú àkọ́kọ́ gbé e lu ògiri. Ó tún gbá a, ó tún gbá a. Obìnrin náà bo ojú rẹ̀, kò sọ nǹkan kan.

Ọmọ ti sáré jáde. Tíṣà ló mú padà dé, eruku ẹfun ṣì wà lára aṣọ rẹ̀.

“Ẹ jọ̀wọ́, bàbá. Ẹ jẹ́ kó lọ nítorí tèmi. Ọmọ tó bá ti jókòó sí abà yẹn, n ò tíì rí èyí tó padà wá.”

“Tíṣà, ilé wo lẹ̀ ń gbé?”

“Yàrá ẹ̀yìn ilé ìwé ni.”

“Bí wọ́n bá lé mi jáde, ṣé ó gba ènìyàn mẹ́ta?”

Kí tíṣà tó dáhùn, Agbọ́gi ti tì í. Orí tíṣà lu etí ilẹ̀kùn, ó là, ó sì ṣubú síta. Agbọ́gi ti ilẹ̀kùn, ó gbé òòlù rẹ̀ nílẹ̀, ó fọ́ àpótí náà. Ẹ̀gbẹ́ tó fi sùúrù gé wọnú ara wọn kò fẹ́ tú, ó gbá a títí ó fi tú. Ó ju òòlù sílẹ̀. Ó ṣí ojú atẹ́gùn tó wà nísàlẹ̀ ààrò kí iná lè fà dáadáa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé sí i. Iná èédú kì í ké, ó kàn ń pọ́n sí i ni.

Akọ̀wé ki ọwọ́ bọ ẹnu ààrò, ó mú ìwé kan. Bàbá rẹ̀ gbá ọwọ́ náà mú.

“Jù ú sílẹ̀.”

“N ò jù ú sílẹ̀, Bàbá.”

Ó tẹ ọwọ́ ọmọ mọ́ ìdérí irin ààrò. Ọmọ náà ké. Awọ ara rẹ̀ rùn.

Ìyá ọmọ gbé òòlù nílẹ̀. Ó ti ń wo ọkọ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ó mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó: ẹsẹ̀ yà, ìdí dúró, jẹ́ kí ìwúwo irin ṣe iṣẹ́. Ó gbá a lókè ìgúnpá. Eegun náà dún bí igi gbígbẹ. Bó ṣe ń yíjú, ó tún gbá a léjìká, ó sì wó lulẹ̀ sáàárín àfọ́kù àpótí.

Obìnrin náà dúró lé e lórí, òòlù ṣì wà lókè.

“O ò sọ nǹkan kan rí,” Agbọ́gi wí láti ilẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, bí ẹni tó ń bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè. “Láti ọjọ́ yìí. O ò ké rí.”

“Mo ké. Ọdún tí ẹ gbé mi wọlé, mo ké. Ẹ ní kí n panu mọ́ nítorí àwọn ará ilé kejì. Mo sì panu mọ́.”

Ó gbé òòlù náà sílẹ̀. Ó fi omi tútù sí ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó fi aṣọ mímọ́ dì í. Ó ṣa pátákó méjì nínú àpótí tó fọ́, ó fi wọ́n há apá ọkọ rẹ̀ láàárín, ó sì dì í le gírígírí. Agbọ́gi ń làágùn, kò bá a jà.

Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, fọ́máànù tó káyín ti gbọ́. Apá tó ṣẹ́ kì í gbé òpó. Ó já àmì Agbọ́gi kúrò lórí pátákó, ó sì pe àwọn ẹ̀ṣọ́ jọ. Ṣùgbọ́n ìyàwó Agbọ́gi ti ṣáájú wọn dé abà.

“Ta ló kú?” obìnrin tó ń pín àmì bi í.

“Kò sẹ́ni tó kú. Ẹ fún mi ní àmì.”

“Ọkọ rẹ ńkọ́?”

“Ó wà nílé, apá rẹ̀ kán. Kò sí nísàlẹ̀, ilẹ̀ ò lè gbọ́ nǹkan kan.”

Obìnrin náà ronú sí i, ó sì ju àmì bàbà sí i. Ilé wọn bọ́ lọ́wọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́. Àwọn opó sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá àgbà kan ló ṣẹ́kù, tí eruku ti wọ gbogbo ìlà ojú rẹ̀.

“Má fojú ṣà á, eruku ti sọ wọ́n di ọ̀kan,” ó pariwo sí i létí. “Ọwọ́ ni kí o fi wọ̀n ọ́n. Èyí tó bá fúyẹ́, èédú ni, jẹ́ kó lọ. Èyí tó bá wúwo, òkúta ni, jù ú sẹ́yìn. Má ṣà á bí o ṣe ṣa ọkọ.”

Bẹ́líìtì gbéra. Ó gbá èédú wá, kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó fúyẹ́, ó fúyẹ́, ó wúwo. Lọ́rì kọjá lójú ọ̀nà. Akọ̀wé jókòó nínú rẹ̀, ó gbé àpò àgbàdo tí ìwé tó jóná létí wà nínú rẹ̀ sórí itan, tíṣà tó fi aṣọ wé orí jókòó tì í. Akọ̀wé rí ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ láàárín àwọn ẹ̀yìn dúdú yòókù. Ìyá náà kò yíjú, ṣùgbọ́n ó gbọ́ bí lọ́rì náà ṣe yí jíà nídìí òkè, tó sì ń lọ.

Nígbà náà ni Agbọ́gi dé ẹnu abà. Ó ti gba àárín àwọn ẹ̀ṣọ́ kọjá, apá kan wà nínú ìdè, òòlù wà lọ́wọ́ kejì. Àwọn opó rí i, wọ́n sún lẹ̀ mọ́ ògiri. Ó sún mọ́ ẹ̀yìn ìyàwó rẹ̀, ó lanu, ó sọ̀rọ̀. Bẹ́líìtì gbé ohùn rẹ̀ mì. Ó tún sọ ọ́, iṣan ọrùn rẹ̀ le, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ.

Òkúta kan bọ́ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Obìnrin náà kò wẹ̀yìn, ibẹ̀ ni wọ́n ń ju òkúta sí. Òmíràn gbá a lójúgun. Ó gbé etí rẹ̀ tó ṣì dára sí ẹ̀yìn ìyàwó rẹ̀, bó ṣe máa ń gbé e sí òpó, ó tẹ́tí títí. Kò gbọ́ nǹkan kan, bí ẹni fetí sí òpó irin. Ó fi ẹsẹ̀ kan lọ sẹ́yìn, ó fi èkejì tẹ̀ lé e, òòlù sì ń wọ́ ilẹ̀ tẹ̀ lé e jáde.