Oúnjẹ Àna Lórí Búlọ́ọ̀gì Kasonde

“Ẹ gbé e sókè díẹ̀,” ni Nkandu wí. “Ojú ẹja náà ò hàn.”

Kasonde, ọkọ rẹ̀, gbé ẹja náà sókè. Ọjà ni wọ́n ti rà á láàárọ̀, wọ́n tiẹ̀ ti bá wọn ha ìpẹ́ ara rẹ̀ kúrò, ṣùgbọ́n Kasonde fi ìwọ̀ kọ́ ọ lẹ́nu, ó wọ bàtà rọ́bà, ó sì dúró sẹ́yìn ilé wọn ní ìlú Luanshya bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti odò dé. Aládùúgbò ló ni ọ̀pá ìpẹja náà. Nkandu ya fọ́tò rẹ̀. Ó ti yà á níbi tó ti ń ta ayò isolo tí kò mọ̀ ọ́n ta, ó sì ti yà á níbi tó ti ń bomi rin òdòdó tí òun, Nkandu, gbìn.

“Ìyá Chisha, ṣé wọ́n á mọ̀ pé ọjà la ti rà á?” ni Kasonde bi í. Orúkọ ọmọ wọn ló fi ń pè é.

“Ẹja tí kò ní ìpẹ́ lára lẹ sọ pé ẹ fà jáde lódò.”

“Kò séwu. Kò sẹ́ni tó ń pẹja ní ọ́fíìsì wa.”

Búlọ́ọ̀gì ló fa gbogbo wàhálà yìí. Ọdún tí wọ́n ṣègbéyàwó ni Kasonde dá a sílẹ̀. Ó kọ nípa fíìmù kan tó sùn lọ níbi tó ti ń wò ó, ó kọ ìkíni ọdún tuntun, ó sì pa á tì. Ọdún ń gorí ọdún, kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé obìnrin kan gẹ̀gẹ̀ níbi iṣẹ́ wọn nítorí ohun tó ń kọ nípa ọgbà ẹ̀fọ́ rẹ̀ ni ọkàn Kasonde ò balẹ̀ mọ́. Ó ní òun náà máa jí tòun dìde. Ó fún un lórúkọ tuntun, Ìgbádùn Kasonde, ó sì ń kéde fún gbogbo ẹni tó bá pàdé pé lọ́jọ́ Sátidé lòun máa ṣí i, kí wọ́n wá wo ohun tóun máa ń ṣe bí ọwọ́ òun bá dilẹ̀. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀, orí àga ló máa ń wà, tí yóò máa ké sí ìyàwó rẹ̀ pé kó gbé omi wá.

Sátidé yẹn kan náà ni ìyá Nkandu máa gbé oúnjẹ matebeto wá. Èyí ni kò jẹ́ kí Nkandu rí oorun sùn, kì í ṣe búlọ́ọ̀gì ẹnikẹ́ni. Àlejò ni àna ọkùnrin nílé àwọn òbí ìyàwó rẹ̀ títí wọn óò fi bu ọlá oúnjẹ yìí fún un. Kò gbọ́dọ̀ jẹun níbẹ̀, kò gbọ́dọ̀ wo ìyá ìyàwó rẹ̀ lójú, bí wọ́n bá sì pàdé lọ́nà, ọ̀kan nínú wọn ní láti yà sínú igbó. Nígbà tí bàbá Nkandu kú, ìta lábẹ́ igi máńgòrò ni Kasonde jókòó sí títí wọ́n fi sìnkú tán, ojú sì ti Nkandu gan-an. Àìmọye ìgbà ló bẹ ìyá rẹ̀. Ìyá náà bi í bóyá ọkọ rẹ̀ ti gbọ́n. Nkandu ní ó ti gbọ́n. Nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ yìí ni ìyá ṣe gbin ẹ̀pà, tó sì ya àkùkọ kan sọ́tọ̀ tó ń bọ́.

Láàárọ̀ Sátidé, Nkandu sọ fún ọkọ rẹ̀ pé kó fi fóònù sílẹ̀ ní yàrá. Kasonde ní òun ti gbọ́.

Àwọn obìnrin náà dé pẹ̀lú orin, ìkòkò lórí. Ìyá Kalunga ló ṣáájú wọn, nachimbusa tó kọ́ Nkandu ní gbogbo ohun tó yẹ kí ìyàwó mọ̀ kó tó wọlé ọkọ. Lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo wọn kúnlẹ̀, wọ́n sì ń fi orúnkún rìn wọlé títí dé ẹsẹ̀ ẹní tí Kasonde jókòó lé. Ìyá Nkandu ló kẹ́yìn. Ó fi ìró bo orí àti ojú, ó ń rọra bọ̀ nítorí orúnkún tó ń dùn ún, ìkòkò adìẹ ló sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Odidi ni wọ́n sè é, wọ́n gbé iwe rẹ̀ lé e láyà, torí iwe ni ti ọkùnrin tí wọ́n ń bu ọlá fún. Ìyá Kalunga ló máa ṣí ìkòkò kọ̀ọ̀kan, tó sì máa sọ ohun tó wà níbẹ̀ àti ìdí rẹ̀. Ti ọkọ ni pé kó tẹrí ba, kó má sọ nǹkan kan.

Ìyá Kalunga ò tíì sọ̀rọ̀ tán lórí ẹ̀fọ́ ẹlẹ́pà tí Kasonde fi fa fóònù yọ nínú kóòtù. Ó nà án síwájú, ó dìde lórí ẹní, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ìkòkò adìẹ.

“Ẹ káàbọ̀ sí Ìgbádùn Kasonde,” ló wí fún fóònù náà. “Ẹ̀ ń wò mí lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí. Ohun tí mo máa ń ṣe ní Sátidé nìyí. Àtàárọ̀ ni mo ti wà nílé ìdáná. Ẹ wo adìẹ, ẹ wo ẹ̀fọ́. Èmi ni mo sè é.”

Orin dáké. Nkandu kórìíra ọkọ rẹ̀ ní ìṣẹ́jú yẹn, tòun ti kóòtù rẹ̀. Àṣé kò tíì tó. Kasonde yí fóònù sí obìnrin tó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

“Màmá, ẹ gbójú sókè díẹ̀ kí wọ́n rí yín. Ẹ sọ fún wọn bó ṣe dùn tó.”

Ìyá Nkandu ò gbójú sókè. Ó fa ìró náà wálẹ̀ sí i, ó táwọ́ wá ìdérí nílẹ̀, ó sì bo adìẹ rẹ̀. Ìyá Kalunga ló bá sọ̀rọ̀.

“Ẹ jẹ́ ká gbé ẹrù wa. Ọkùnrin ilé yìí ti se tiẹ̀.”

Wọ́n gbé e ní tòótọ́. Ní gbogbo Luanshya, èèyàn ò lè rántí ẹni tí wọ́n gbé matebeto rẹ̀ padà. Kasonde ń rẹ́rìn-ín.

“Ìyá Chisha, pè wọ́n padà. Wọn ò mọ nǹkan ìgbàlódé ni.”

Nkandu gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ará ọ́fíìsì ṣì ń wò, ọ̀rọ̀ wọn ń tò lé ara wọn.

“Ọ̀gá rẹ kọ̀wé,” ló wí. “Ó ní kí o ro ubwali kí àwọn rí bí o ṣe ń rò ó.”

“Pa á.”

“Mi ò ní pa á. Àwọn èèyàn rẹ ń dúró.”

Ó kọjú fóònù sí i. Kasonde fẹ́ bínú, ó rántí pé ọ̀gá òun ń wò, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó bọ́ kóòtù, ó wọ ilé ìdáná. Nkandu fi fóònù ti agolo iyọ̀ níbi tó ti máa hàn dáadáa. Omi hó. Kasonde da gbogbo ìyẹ̀fun àgbàdo tí wọ́n fi ń ro ubwali sí i lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì di kókó lójú ẹsẹ̀.

“Kí ni mo máa ṣe sí i?” ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

“O kì í kúkú béèrè tẹ́lẹ̀,” ni Nkandu wí, ó sì jáde.

Ó bá àwọn obìnrin náà ní ìkóríta. Ó gba ìkòkò adìẹ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

“Mo parọ́ fún yín, Màmá.”

“Mo mọ̀. Ọkọ rẹ dà?”

“Ó ń se oúnjẹ.”

Ìyá rẹ̀ ṣí ìkòkò, ó mú iwe adìẹ, ó sì fi lé e lọ́wọ́. Nkandu jẹ ẹ́ níbẹ̀ lójú ọ̀nà, kò ṣẹ́ ẹ kù fún ẹnikẹ́ni.