Ihò Kékeré Ara Páìpù

Sùlíyá kò fẹ́ràn kí nǹkan máa jò. Ọdún mọ́kànlá ló ti fi ń bá ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Ọgbà, ohun tó sì kọ́ níbẹ̀ ni pé ohun tó bá ń jò, kí èèyàn tètè dí i.

Làsísì ọkọ rẹ̀ kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Fóònù ló ń tún ṣe ní Computer Village kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó kọ lù ú. Ọdún tó ṣáájú àìsàn náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ kan àpótí gíláàsì kan sí pálọ̀ wọn ní Agége, tó kó ẹja pupa mẹ́fà sínú rẹ̀. Ó gbé ike ńlá kan sábẹ́ tábìlì tó gbé gíláàsì náà lé. Ẹ̀rọ kékeré kan ń ti omi láti inú ike náà gba páìpù funfun gòkè. Omi tó bá kún jù á gba páìpù mìíràn sọ̀kalẹ̀ padà. Ó tún to wáyà àti ẹ̀yà fóònù àlòkù pọ̀ mọ́ bátìrì nínú páálí kan. Bí omi gíláàsì bá ti lọ sílẹ̀, páálí náà á máa ké píì, píì.

Láti ìgbà tí apá kan ara rẹ̀ ti kú, wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sí pálọ̀, ẹja yìí ló sì ń wò látàárọ̀ dalẹ́. Bí èèyàn bá dí i lójú, ẹkún ni. Sùlíyá mọ̀ pé bí ẹja wọ̀nyí bá kú, kò sí ohun tí ọkọ òun ń tìtorí rẹ̀ lajú mọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó ṣí ìdérí gíláàsì láti nù ún. Ó rí ihò kékeré lára páìpù funfun, lókè, níbi tó ti fẹ́ wọnú omi. Omi ń ta ṣìì níbẹ̀ sára ògiri, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan wáyà.

"Bàbá Uswat, ẹ wo iṣẹ́ yín! Ẹ̀yin tí ẹ ní mi ò mọ nǹkan kan."

Làsísì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ òsì tó ṣẹ́ kù fún un lu bẹ́ẹ̀dì.

"Mo ti gbọ́. Mò ń dí i, ẹ má kán mi lójú."

Ó fi gọ́ọ̀mù páìpù dí i. Làsísì lu bẹ́ẹ̀dì, ó ń ké igbe tí kò di ọ̀rọ̀. Sùlíyá rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ṣeun. Ó ti pẹ́ tí ẹ ti yìn mí gbẹ̀yìn."

Ó ti ilẹ̀kùn, ó gba ibi iṣẹ́ lọ. Ní agogo mẹ́wàá, wọ́n mú iná lọ.

Nígbà tó dé ní ìrọ̀lẹ́, omi ló kọ́kọ́ tẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ike abẹ́ tábìlì ti kún àkúnwọ́sílẹ̀, omi inú gíláàsì kò ju ìka kan lọ. Ẹja mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti kú. Páálí yẹn ṣì ń ké. Làsísì ti já bọ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì, ó dojú bolẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì tútù, ó na ọwọ́ òsì síwájú, ọwọ́ náà kò dé ibì kankan.

Catherine, aládùúgbò wọn, bá a gbé e sókè. "Mo gbọ́ tí nǹkan ń ké píì píì láti ọ̀sán, Ìyá Uswat. Mo ní ìnfátà yín ni, pé bátìrì ẹ̀ ló ń kú lọ."

"A ò ní ìnfátà," ni Sùlíyá wí.

Lọ́jọ́ kejì, Ùsmán tí òun àti Làsísì jọ ń ṣiṣẹ́ wá wò ó. Ó fọwọ́ kan gọ́ọ̀mù náà.

"Ta ló dí ibí?"

"Èmi ni. Ó ń jò."

"Kò jò, ìyàwó wa. Ẹ̀gbọ́n ló dìídì dá ihò yẹn lu. Bí iná bá lọ, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọ páìpù. Bí afẹ́fẹ́ ò bá wọlé, páìpù yìí á máa fa omi padà sísàlẹ̀ títí gíláàsì á fi gbẹ." Ó wo ojú rẹ̀. "Ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Àmúwá Ọlọ́run..."

"Ùsmán, fi Ọlọ́run sílẹ̀. Gọ́ọ̀mù ni. Ọwọ́ mi ló fi í síbẹ̀."

Nígbà tí Ùsmán lọ, ó jókòó ti bẹ́ẹ̀dì, ó fi ìka sí àtẹ́lẹwọ́ òsì ọkọ rẹ̀.

"Oṣù méje ni mo ti ń túmọ̀ yín bó ṣe wù mí. Ó tó. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ fún ìka mi lẹ́ẹ̀kan. Tó bá jẹ́ rárá, ẹ̀ẹ̀mejì. Ṣé ẹ mọ̀ pé mi ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é?"

Ó fún un lẹ́ẹ̀kan.

"Ṣé kí Ùsmán ra ẹja mìíràn wá?"

Ẹ̀ẹ̀mejì.

"Ṣé inú ń bí yín sí mi?"

Làsísì kò wo ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fún ìka náà lẹ́ẹ̀kan, ó fún un débi tó dùn ún.

Sùlíyá kò yọ ìka rẹ̀.