Wáyà Oníná Pupa

Nígbà tí mo jáde opó, lẹ́yìn oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, Luqman, àbúrò ọkọ mi, sọ fún ẹbí pé òun ló yẹ kó gba ṣọ́ọ̀bù Ṣàkírù, ọkọ mi tó kú, ní Dùgbẹ̀. Ó ní ṣọ́ọ̀bù rédíò àti tẹlifíṣọ̀n kì í ṣe ti obìnrin tó di ẹni ogójì ọdún kó tó mọ ìwé kà. Àwọn àgbà ní kí n parí iṣẹ́ kan tí ọkọ mi ti gbà kó tó kú: sinimá inú ilé Dókítà Akíndúró ní Bódìjà. Bó bá dún, ṣọ́ọ̀bù di ti èmi àti Kaosarah, ọmọ mi. Bí mo bá bà á jẹ́, kí Luqman gbà á.

Dókítà wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Ajé. Ó bi mí pé wáyà wo ni kí á fi so ẹ̀rọ DVD mọ́ áńpílífáyà. Mo sọ ohun tí Ṣàkírù kọ́ mi. Wáyà pupa àti funfun tí gbogbo ayé mọ̀ kò lè gbé ohùn sípíkà mẹ́fà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Wáyà bàbà kan wà tó lè gbé e, ṣùgbọ́n ó lè máa kùn bí jẹnẹrétọ̀ bá ń ṣiṣẹ́. Òmíràn dà bíi gíláàsì. Ìmọ́lẹ̀ pupa ló ń gba inú rẹ̀ kọjá, kì í kùn rárá. Dókítà mú oníná pupa.

Mo bá ká a bí a ṣe ń ká gbogbo wáyà ní Dùgbẹ̀. Mo ṣẹ́ ẹ po lẹ́ẹ̀mẹrin, mo fi rọ́bà táyà dè é pinpin, mo fi kọ́ ìṣó.

Ní Sátidé, Luqman tẹ̀lé mi lọ sí Bódìjà. Ó jókòó, ó ká apá lé àyà.

"Akọ̀wé mi," mo ní, nítorí a kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ, "ẹ bá mi di sípíkà yìí mú."

"Ìyàwó, ẹlẹ́rìí ni mo wá ṣe o."

Mo so gbogbo rẹ̀ tán, mo tan iná. Àwòrán yọ, ohùn kò yọ. Mo fa orí wáyà náà kúrò lára áńpílífáyà, mo wò ó. Ó ṣókùnkùn. Mo yọ orí kejì, mo wo ihò ara DVD, ìmọ́lẹ̀ pupa wà níbẹ̀. Ibi tí mo ti ṣẹ́ ẹ po ló ti dá sínú.

"Ìyá Kaosarah, ṣé kò sí wàhálà o?" Dókítà bèèrè.

"Kò sí, sà." Irọ́ ni.

Wáyà fídíò aláwọ̀ ìyeyè kan wà nínú báàgì mi, bàbà ni. Ṣàkírù ti fi irú rẹ̀ gbé ohùn rí. Mo ki orí kan bọ ara DVD, mo nawọ́ sẹ́yìn áńpílífáyà, mo ti orí kejì bọ ihò àkọ́kọ́ tó gbà á.

Ariwo bẹ́ bí ẹni da òkúta sórí páànù. Sípíkà ń gbọ̀n. Ìyàwó Dókítà ké, "Jésù!" Mo sáré paná.

"Ó tán," Luqman ní. "Mo ti wí nílé."

Mo kúnlẹ̀. "Sà, èmi ni mo ba wáyà oníná pupa jẹ́. Mo ṣẹ́ ẹ po. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tún gbìyànjú."

Dókítà na ìka kan sókè. "Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Mo tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn ẹ̀rọ. Létà ara àwọn ihò náà kéré bí eèrà. C àti D ni wọ́n kọ sára ihò tí mo lò, kì í ṣe DIGITAL tí Ṣàkírù máa ń lò. Mo fi ìka ka ìyókù lọ́kọ̀ọ̀kan: D, I, G, I... Luqman pòṣé. Bí ariwo yẹn bá tún bẹ́, sípíkà á ya, ọ̀nà oúnjẹ ọmọ mi á sì dí. Mo ki wáyà bọ̀ ọ́. Mo dijú, mo tan án.

Òjò ló ń rọ̀. Ó rọ̀ níwájú, ó rọ̀ lẹ́yìn wa. Ìyàwó Dókítà fò dìde. "Yéè, aṣọ mi tí mo sá!"

"Inú sinimá ni, Olúkẹ́mi," Dókítà ń rẹ́rìn-ín. Ó wá kọjú sí Luqman. "Bó bá bàjẹ́ lọ́la ńkọ́, ta ni kí n ránṣẹ́ pè?"

Mo ń wo ẹnu Luqman.

"Ìyàwó wa ni, sà. Òun ló ni ṣọ́ọ̀bù."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó irinṣẹ́ mi. Ẹ̀rù ṣì wà lára mi, ó kàn yí padà ni. Láti ọ̀la lọ, ohunkóhun tó bá bàjẹ́, èmi ni wọn yóò máa wá.