Irunmú Dókítà àti Ọkàn Onígbàjámọ̀

Onígbàjámọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀, torí bó bá ti ń fá irun, oorun ló máa ń gbé oníbàárà lọ. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀, àmọ́ ọkàn rẹ̀ kò gbọ́ràn. Láti ọdún tó kọjá ni ọkàn náà ti ń ṣe tinú ẹ̀: á lù kì, á lù kì, á dákẹ́ bí ẹni tó gbàgbé iṣẹ́, á wá ta kìjí bí ẹṣin tí oyin ta.

Àṣìṣe rẹ̀ ni pé ó sọ ọ́ fún àwọn oníbàárà. Kò sẹ́ni tó jókòó sórí àga onígbàjámọ̀ tí kì í di amòye. Kápẹ́ńtà kan ní kó máa lo hóró magnésíọ̀mù, irú èròjà tí ara ń lò. Tíṣà kan ní hóró potásíọ̀mù ló dáa jù. Ìyá ìyàwó rẹ̀ fi òróró ẹja oníhóró ránṣẹ́. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ kò kọ ọ̀kankan, bẹ́ẹ̀ ni kò dín ife kọfí mẹ́fà tó ń mu lójúmọ́ kù.

Ìyàwó rẹ̀ wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tí hóró oògùn kún láàárọ̀ ọjọ́ kan. “Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ fẹ́ gbé e mì ni, àbí ẹ fẹ́ fi sín ìlẹ̀kẹ̀?”

“Ìlera ni.”

“Ẹ rọra máa rìn o. Ẹ ti ń dún bíi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀.”

Ní Sátidé, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí wọn ò rí rí wọlé. Irunmú rẹ̀ kún, ó ń dán, ó ní kí wọ́n kàn bá òun tún etí irunmú náà ṣe. Abẹ ti débẹ̀ nígbà tí ọkàn Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ta kìjí. Ọwọ́ náà ta. Ìdajì irunmú já bọ́ sórí aṣọ funfun.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà!” Onígbàjámọ̀ ti wà lórí ìkúnlẹ̀. “Kì í ṣe èmi, ọkàn mi ni!”

Ọkùnrin náà wo dígí títí. Lẹ́yìn náà ló di ọrùn ọwọ́ onígbàjámọ̀ mú, ó ń ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù sínú.

“Òótọ́ ni, ó ń fò. Dókítà ọkàn ni mí. Ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ bá ń lò, ká máa lọ sí ọsibítù.”

“Ẹ jẹ́ kí n kúkú fá èyí tó kù.”

“Ẹ má fọwọ́ kàn mí mọ́!”

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì kan rí ìdajì irunmú dókítà, ó sáré jáde lọ fi ikọ́ bo ẹ̀rín. Wọ́n lẹ wáyà mọ́ Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ láyà, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n da àpò oògùn rẹ̀ sórí tábìlì. Ìgò mọ́kànlá.

Dókítà ka ara ìgò títí. “Irú àwọn èròjà wọ̀nyí ni ọkàn fi ń lù déédéé. Tí wọ́n bá kéré jù, ọkàn á ṣìnà. Tí wọ́n bá pọ̀ jù, á tún ṣìnà. Mẹ́ta nínú ìgò yín, potásíọ̀mù kan náà ni, orúkọ ló yàtọ̀.”

“Mo rò pé bí díẹ̀ bá dáa, púpọ̀ á dáa jù ni.”

“Ṣé ohun tí ẹ rò nípa irunmú mi náà nìyẹn?”

Dókítà gbé ìgò òróró ẹja sókè.

“Òróró ẹja àlòjù lè da lílù ọkàn rú. Ife kọfí mélòó lẹ ń mu lójúmọ́?”

“Mẹ́fà, àmọ́ omi gbígbóná lásán—”

“Ẹ dákẹ́.”

Ọkàn fúnra rẹ̀ kò bàjẹ́. Kọfí ló kọ́kọ́ dà á láàmú, potásíọ̀mù sì wá ga jù nínú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n dá a dúró fún ọjọ́ méjì títí potásíọ̀mù náà fi wálẹ̀. Dókítà gba gbogbo ìgò náà. Ó ní kó máa jẹ oúnjẹ gidi, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ẹja, kó máa mu ife kọfí kan ṣoṣo lójúmọ́, kó má sì gbé hóró kankan mì àfi tí àyẹ̀wò bá ní kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìyàwó rẹ̀ gbé etí lé e láyà nínú ilé ìdáná.

“Ṣé ó ṣì ń fò?” ọkọ béèrè.

“Ẹ jẹ́ kí n gbọ́.” Ó kà á dé ọgọ́rùn-ún, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ení. Kò fò lẹ́ẹ̀kan. Ó fi etí síbẹ̀ títí ẹ̀wà fi jó mọ́ ìkòkò.